Telifíṣọ̀n ínṣì 43 tí mo rà ní Wuse, Abuja, àti àwọn tí ó tà á fún mi

“Àǹtí, telifíṣọ̀n la tà fún yín, a ò ta kọ̀ǹpútà fún yín.” Ohun tí ìyá oníṣọ́ọ̀bù sọ fún mi lórí fóònù nìyẹn kí ó tó pa á mọ́ mi létí, gbólóhùn náà ni ó sì mú mi jókòó kọ àgbéyẹ̀wò yìí. Telifíṣọ̀n 4K ni, ìyẹn ni pé àmì kéékèèké (píksẹ́lì) tí ó di àwòrán rẹ̀ jẹ́ 3840 ní ìbú àti 2160 ní òró; ohun yòókù wà lára páálí rẹ̀, ẹ lè kà á níbẹ̀. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mò ń ṣe láti ilé ní Kubwa, mo sì ti ṣàlàyé fún wọn kí n tó sanwó pé laptop ni n ó máa so mọ́ ọn, kí n lè máa rí tábìlì Excel tí ó gùn láìfa ojú ìwé sókè sódò. Wọ́n ní kò séwu.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́: ẹni tí wọ́n rán wá gbé e kọ́ ògiri mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó wọn ògiri, ó tún un wọ̀n, ó sì gbá eruku tí ó dà sílẹ̀ kí ó tó lọ, èyí tí n kò rí kí òṣìṣẹ́ ṣe nílé mi rí.

Ìgbà tí mo ki wáyà HDMI, èyí tí ó ń gbé àwòrán lọ sórí telifíṣọ̀n, bọ laptop ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ìlà ìsàlẹ̀ tí aago àti bọ́tìnì Start máa ń wà kò hàn rárá, nọ́ńbà àwọn ìlà tí ó wà lápá òsì Excel ti wọ abẹ́ férémù lọ, àwọn lẹ́tà sì rí bàìbàì bí ẹni pé wọ́n fi ọwọ́ ọlọ́ràá nu ojú wọn. Mo pe ìyá oníṣọ́ọ̀bù. Kò béèrè ohun tí mò ń rí. Ó kàn ní wáyà mi ni kò dára, pé ojúlówó wà lọ́wọ́ òun. Mo la súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ Berger kọjá lọ ra ojúlówó náà, àwòrán kò sì yàtọ̀ sí ti àtẹ̀yìnwá. Mo tún pè é, mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, wáyà kì í gé etí àwòrán. Tí wáyà bá bàjẹ́, àwòrán á máa ṣẹ́jú, tàbí kí ojú telifíṣọ̀n ṣókùnkùn pátápátá.” Èsì rẹ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí.

Ọmọkùnrin Hausa kan tí ó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ gbọ́ ohun tí a sọ, ó sì fi owó fóònù ara rẹ̀ pè mí ní ìrọ̀lẹ́, Yorùbá ẹnu rẹ̀ dán ju ti àwọn ọmọ mi lọ. “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Ṣé etí àwòrán ló gé ni, àbí lẹ́tà ló rí bàìbàì?” Mo ní méjèèjì ni. Ó ní a jẹ́ pé ìṣòro méjì ni, oògùn wọn kò sì pa pọ̀.

Ó ní kí n mú rìmóòtù, kí n wọ ibi Picture Size. LG ń pe ohun tí à ń wá ní Just Scan, Sony ń pè é ní Full Pixel. Orúkọ tí ó ní lórí tèmi tún yàtọ̀, ṣùgbọ́n bí mo ti tẹ̀ ẹ́ báyìí ni Start yọjú. Ó ṣàlàyé pé etí àwòrán kì í dúró dáadáa lórí telifíṣọ̀n oníkùn ńlá àtijọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fẹ àwòrán díẹ̀ kí etí rẹ̀ lè fara pamọ́, àṣà yẹn ni àwọn tuntun kan ṣì ń tẹ̀ lé.

Ti lẹ́tà, ojú laptop mi jẹ́ píksẹ́lì 1366×768, Duplicate ni mo sì fi í sí, kí àwòrán kan náà wà lórí méjèèjì, nítorí náà ìwọ̀n kékeré yẹn ni telifíṣọ̀n ń gbà tí ó sì ń nà. Ó ní kí n tẹ bọ́tìnì Windows pẹ̀lú P, kí n mú Second screen only, kí àwòrán wà lórí telifíṣọ̀n nìkan. Windows fúnra rẹ̀ dábàá 3840×2160, lẹ́tà sì mọ́ gaara, àmọ́ máòsì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, torí HDMI 1.4 ni ti laptop mi, ìgbà 30 péré ni ó lè pààrọ̀ àwòrán bẹ́ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, HDMI 2.0 tí ó jáde ní 2013 ni ó gbé e dé 60. Ó ní kí n padà sí 1920×1080 ní 60, nítorí pé píksẹ́lì kan yóò di mẹ́rin gééré, kò ní sí àjẹkù tí yóò mú lẹ́tà ṣú. Ó tún ní kí n fa Sharpness wálẹ̀, kí àlà funfun tí ó yí lẹ́tà ká lè lọ. Inú mi dùn débi pé mo ṣírò owó oṣù ilé-iṣẹ́ odidi kan tán ní alẹ́ ọjọ́ náà, láìfi jígí sójú.

Àbùkù kan kù: bí iná bá ti lọ tí ó dé, telifíṣọ̀n yìí máa ń gbàgbé Picture Size tí mo mú, mo sì ní láti tún un mú, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Kubwa sì mọ bí iná ṣe ń ṣe. Ní ti wáyà ojúlówó, ìyá oníṣọ́ọ̀bù kọ̀ láti gbà á padà, ó ní ọjà tí a bá ti tú kúrò nínú ọ̀rá ti di ti ẹni tí ó rà á. Nígbà tí mo sọ fún un pé ọmọọṣẹ́ rẹ̀ ni ó tún un ṣe, ó ní òun ni òun kọ́ ọ.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún.