Dróònù fún fídíò: ká fọwọ́ darí ẹ̀ ni àbí ká fi lé sẹ́nsọ̀ lọ́wọ́?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń múra àtilọ ra dróònù ní Computer Village, ẹ má tíì sanwó. Ẹni tó ń tà á á sọ fún yín pé sẹ́nsọ̀, ìyẹn ojú tó fi ń rí nǹkan tó bá wà nítòsí, yí eléyìí ká, kò lè forí sọ nǹkan kan láéláé. Ògiri àti igi ńlá, ó ń rí wọn lóòótọ́, àmọ́ Èkó lẹ fẹ́ lò ó sí, wáyà tín-ín-rín tó kọjá lókè ọ̀nà ní Ìdúmọ̀tà àti Mushin ńkọ́? Kì í sábà rí ìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká mú dróònù méjì tí iléeṣẹ́ DJI ṣe, Mini 4 Pro àti Avata 2. Mini 4 Pro jáde ní 2023, kò tó gíráàmù 250, sẹ́nsọ̀ wà níwájú, lẹ́yìn, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, òkè àti ìsàlẹ̀, tẹ́ ẹ bá ní kó tẹ̀ lé mọ́tò ìyàwó á máa tẹ̀ lé e, á máa yà fún igi fúnra ẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì fọwọ́ kúrò lórí rìmóòtù á dúró sójú kan. Avata 2 ti 2024 ńkọ́? Sẹ́nsọ̀ ẹ̀ ò wo iwájú rárá, tẹ́ ẹ bá sì ti gbé e sí Manual, ìyẹn ká fọwọ́ darí gbogbo ẹ̀, ọwọ́ yín nìkan ló kù, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kúrò kò ní dúró o, á máa lọ ni.

Kí ló dé téèyàn á tún wá ra irú ẹ̀? Torí pé tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó gba ojú fèrèsé wọlé, kó já sí pálọ̀, kó gba bàkónì jáde, sẹ́nsọ̀ ò ní gbà, á ti fa bíréèkì kó tó dẹ́nu ọ̀nà. Àwọn tó ń ya fídíò orin mọ ohun tí mò ń sọ.

Ibi tó ṣe pàtàkì jù nìyí. Atẹ́gùn òkun ní Eko Atlantic àti Tarkwa Bay lè gbé dróònù kékeré lọ, tó bá ti ń fà á, Sport, ìyẹn bọ́tìnì eré sísá, lèèyàn máa sáré tẹ̀ kó lè padà, bẹ́ẹ̀ Sport yẹn gan-an ló ń pa sẹ́nsọ̀. Alẹ́ náà ńkọ́, tí ówàńbẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná, tíná ò tó, sẹ́nsọ̀ ò ríran mọ́. Lórí omi ọ̀sà, sẹ́nsọ̀ ìsàlẹ̀ kì í mọ ibi tó wà dáadáa, ẹ má fò ó sún mọ́ omi.

Ìgbéyàwó àti ilé títà ni iṣẹ́ yín? Ẹ ra Mini 4 Pro, ṣùgbọ́n ẹ lọ sí pápá gbalasa, ẹ pa sẹ́nsọ̀, kẹ́ ẹ kọ́ ọwọ́ yín. Fídíò orin ni? Avata 2, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi simulator, ìyẹn géèmù tí wọ́n fi ń kọ́ dróònù, kọ́ ọ lórí kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ sì fowó rìmóòtù FPV Remote Controller 3 sílẹ̀ lọ́tọ̀, torí rìmóòtù tí wọ́n ń fọwọ́ kan dì mú kò lè gbé e sí Manual. Méjèèjì ló nílò ìwé àṣẹ NCAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú, àti ti ONSA, ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ààbò.

Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ yẹ gíláàsì sẹ́nsọ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tí nǹkan bá ti ha lára, apá ibẹ̀ lè má ríran dáadáa mọ́, kí wọ́n dínwó.