Àyẹ̀wò èémí fún ọmọ tí mílíìkì tàbí èso ń da inú rẹ̀ láàmú

Ní ọ̀dọ̀ wa ní Kàbbà, bí inú bá ń run ọmọ, oògùn aràn ni wọn yóò kọ́kọ́ ní kí ẹ rà, lẹ́yìn náà ni wọn yóò ní kí ẹ gba máńgòrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun méjèèjì ni a ṣe fún ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 11, tí ikùn rẹ̀ máa ń wú, tí ìgbẹ́ gbuuru sì máa ń tẹ̀ lé e, kí dókítà ọmọdé tó yẹ ìgbẹ́ rẹ̀ wò, tí ó sì kọ̀wé rán wa lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Àbújá fún àyẹ̀wò èémí. Owó rẹ̀ kò kéré, ọ̀nà Ọ̀bájànà sí Lọ́kọ́ja sì kún fún ọkọ̀ sìmẹ́ńtì, síbẹ̀ mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó tó bẹ́ẹ̀.

Lactose ni ṣúgà inú mílíìkì. Èròjà tí ìfun kékeré fi ń gé e máa ń dín kù lára ọ̀pọ̀ ọmọ ilẹ̀ wa bí wọ́n ṣe ń dàgbà. Fructose, ṣúgà inú èso àti oyin, kò nílò gígé, ṣùgbọ́n ìfun ẹlòmíràn kì í lè gbà á púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Èyí tí ara kò gbà yóò sọ̀kalẹ̀ sínú ìfun ńlá, bakitéríà ibẹ̀ yóò sọ ọ́ di gáàsì háídírójìn, ẹ̀jẹ̀ yóò sì gbé e dé ẹ̀dọ̀fóró, ibi tí ẹ̀rọ ti ń kà á nínú èémí.

Ọmọ náà kọ́kọ́ fẹ́ èémí kan lórí ikùn òfo. Lẹ́yìn náà ó mu lactose tí wọ́n pò mọ́ omi, gíráàmù 1 fún kílò ara rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tí kò gbọ́dọ̀ ju 25 lọ, ó sì ń fẹ́ èémí ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fún wákàtí mẹ́ta. Ohun tí mo yin nọ́ọ̀sì náà fún jù ni pé bí ó ṣe ń kọ nọ́ńbà sílẹ̀ ni ó ń bi ọmọ bí inú rẹ̀ ṣe rí. Nígbà tí nọ́ńbà náà fi ju 20 nínú mílíọ̀nù kan lọ lórí ti àkọ́kọ́, ọmọ mi ti fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ikùn, ó ní, “Mọ́mì, ó ti bẹ̀rẹ̀.” Nọ́ńbà tí ó gòkè láìsí ìnira kankan kò tó láti sọ pé ọmọ ń ṣàìsàn, ìgbà tí méjèèjì bá pàdé ni ó ní ìtumọ̀.

Ọjọ́ mìíràn ni wọ́n ṣe ti fructose, lẹ́yìn tí wọ́n ti béèrè bóyá ọmọ náà máa ń bì tàbí kí ó rẹ̀ ẹ́ gan-an láti kékeré bí ó bá jẹ èso tàbí ṣúgà, nítorí pé àrùn àjogúnbá kan wà tí fructose lè ṣe ní jàǹbá ńlá. Nọ́ńbà rẹ̀ kò gòkè. Máńgòrò kò jẹ̀bi. Mílíìkì tí a ń bù sínú ògì àárọ̀ ni.

Ohun tí ó dùn mí ni pé gbogbo ohun tí wọ́n sọ fún mi lórí fóònù kò ju pé kí ọmọ má jẹun láti alẹ́ lọ. Ọpẹ́lọpẹ́ dókítà wa tí ó ti sọ pé kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ̀wà lọ́jọ́ tí ó ṣáájú, pé ìrẹsì funfun àti ẹja ni kí ó jẹ, àti pé ó gbọ́dọ̀ ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí ó ti lo oògùn apakòkòrò kẹ́yìn kí a tó lọ. Òbí tí kò bá mọ èyí lè náwó gba èsì tí kò ṣeé gbára lé.

A dá mílíìkì dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, inú rẹ̀ sì rọlẹ̀. Ní báyìí a ń fi díẹ̀díẹ̀ dán an wò. Wàrà dídì tí a ti fún omi rẹ̀ kúrò kò yọ ọ́ lẹ́nu, nítorí pé púpọ̀ nínú lactose ti bá omi náà lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá ń rù, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, dókítà ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ bá, kì í ṣe ibi àyẹ̀wò yìí.