Ọdún 4 ní kíláàsì òpin ọ̀sẹ̀: bí mo ṣe rí ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Àbújá

Kí n tètè sọ ibi tí mo ń lọ. Apá tí wọ́n ti kọ́ wa bí a ṣe ń kọ àròkọ, owó mi ò ṣòfò níbẹ̀ rárá. Apá lítíréṣọ̀ ni mo ń bá wọn jà lé lórí títí dòní. Kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni kan ni, ní ẹ̀yìn ìlú Àbújá. N ò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí nǹkan mi ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

Àwọn ọmọ Primary 2 ni mò ń kọ́ ní iléèwé aládàáni kan ní Kubwa. Ìwé mẹ́wàá péré ni mo ní nígbà náà, bẹ́ẹ̀ NCE, ìwé ẹ̀rí olùkọ́ni, ni ìjọba ní ó kéré jù tí olùkọ́ gbọ́dọ̀ ní. Ọ̀gá wa obìnrin pè mí sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ kan, ó ní, "Àǹtí, tí àwọn ìjọba bá wá yẹ ilé yìí wò, kí ni kí n sọ fún wọn?" Bí mo ṣe gba fọ́ọ̀mù nìyẹn. Ẹni tó bá ń lọ lójoojúmọ́, ọdún 3 ni NCE. Àwa tí a ń lọ ní òpin ọ̀sẹ̀, ọdún 4 ni wọ́n fi tiwa sí. Gẹ̀ẹ́sì ni mo mú, mo fi Social Studies tì í. Ti Social Studies yẹn, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀.

Màdáámù tó kọ́ wa ní àròkọ kò bá wa sọ oríṣi àròkọ tó wà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó ní kí kálukú kọ ojú ewé kan nípa ọjà tó sún mọ́ ilé rẹ̀, ó kó o lọ sílé, ó dá a padà ní Sátidé kejì. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ tèmi ni pé, "In this contemporary world of ours, market is a very important place." Ó fi bírò pupa fa ìlà gbọọrọ lórí ìpínrọ̀ méjì àkọ́kọ́ pátá, ó wá kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé ọjà náà dà. Ó dùn mí. Irú ọ̀rọ̀ àsọyé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ wa ní sẹ́kọ́ńdìrì, òun náà ni mo sì fi gba C5 nínú WAEC. Ìpínrọ̀ kẹta ni mo ti dárúkọ ìyá kan tó máa ń din ẹja lẹ́nu géètì ọjà, tó máa ń fi páálí fẹ́ iná. Ó yí òdo sí i lára, ó kọ ọ́ pé ibí yìí ni àròkọ rẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló ní kí n dìde, kí n ka gbólóhùn kan síta. Mo kà á: "I heard the smell of fried fish before I reached the gate." Ó bi mí pé etí wo ni mo fi gbọ́ òórùn, ọ̀tún ni àbí òsì. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mallam kan tó jókòó níwájú mi, olùkọ́ ni òun náà ní Suleja, ló rẹ́rìn-ín jù, ó ń fọwọ́ lu tábìlì. Màdáámù ò sọ nǹkan kan. Ó fa ìwé kan yọ láàárín òkìtì ìwé iwájú rẹ̀, ó ní kí Mallam náà dìde kó ka tirẹ̀. "I hear the smell of suya." Ẹ ò bá rí ojú Mallam!

Màdáámù wá mú ṣọ́ọ̀kì. Ó ní kí èmi sọ ọ́ ní Yorùbá, mo ní, "Mo gbọ́ òórùn." Ó ní kí Mallam sọ ọ́ ní Hausa, ó ní, "Na ji ƙamshi." "Ji" yẹn, òun náà ni Hausa ń lò fún kí etí gbọ́ ọ̀rọ̀, kí ara mọ nǹkan, kí imú sì gbọ́ òórùn. Ó kọ méjèèjì sójú pátákó, ó kọ Gẹ̀ẹ́sì sábẹ́ wọn. Nínú èdè mẹ́ta tó wà lójú pátákó yẹn, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló yọ imú kúrò lára etí. Láti kékeré tí mo ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, àṣìṣe ni wọ́n máa ń pè é, wọn a fagi lé e, ó parí. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé Yorùbá ló ń bá mi kọ ọ́.

Láti ọjọ́ náà, eré ló dà láàárín èmi àti Mallam. "Ó" tiwa ò mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin, bí mo bá ti ń kọ̀wé kíákíá, màmá mi á di "he". Hausa ní "shi" fún ọkùnrin, wọ́n ní "ita" fún obìnrin, wọn kì í ṣi ìyẹn, ó sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n kí ó pe "people" ni, kí "p" àti "f" tó yanjú ara wọn lẹ́nu rẹ̀, ẹ ti jẹun tán. Tèmi náà kò dáa: ọmọ Ìbàdàn ni mí, ẹ má bi mí léèrè "sh".

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a máa ń kọ àròkọ kan. Àkọ́kọ́, Màdáámù á ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ nìkan, kò ní fọwọ́ kan gírámà. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, a ó kà á síta fún ẹnì kejì wa, ibi tí ahọ́n bá ti kọsẹ̀, ibẹ̀ ni gbólóhùn ti gùn jù. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló ń gba máàkì, bí WAEC ṣe ń ṣe é sì ni: kókó ọ̀rọ̀ 10, ètò 10, ìlò èdè 20, gírámà àti sípẹ́lì àti àmì 10, ìdajì máàkì ń lọ fún àṣìṣe kọ̀ọ̀kan nínú 10 ìkẹyìn yẹn. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ìdí tí mo fi gba C5. Mo máa ń bẹ̀rù àṣìṣe tí kò lè gbà ju 10 lọ, mo wá ń sọ 40 yòókù nù.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí lítíréṣọ̀. Ọ̀gá tó ń kọ́ wa wọlé lọ́jọ́ kìíní pẹ̀lú handout, ojú ewé 22, 1,500 náírà. Àkékúrú ìtàn wà nínú rẹ̀, orúkọ àwọn ẹ̀dá ìtàn, kókó márùn-ún. Ẹni tó bá rà á, wọ́n á sàmì sí orúkọ rẹ̀, gbogbo wa la sì mọ ohun tí àmì yẹn wà fún. N ò rí ìwé ìtàn kan ṣoṣo lórí tábìlì ọkùnrin náà títí a fi parí. Èèyàn lè gba A láìṣí ìwé kankan, àwọn tó ṣe bẹ́ẹ̀ pọ̀.

Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n yàn ni eré Ola Rotimi, The Gods Are Not to Blame, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe lórí ìtàgé ní 1968. Ìtàn àwọn ará Gíríìkì ni, ó wá gbìn ín sí ilẹ̀ Yorùbá. Mo ra ẹ̀dà àlòkù ní ọjà Wuse, mo ń kà á nínú táásì. Bí mo ṣe débi tí Odewale ti pa ọba tí kò mọ̀ pé bàbá òun ni, tí inú bí i nítorí ọba náà bú ẹ̀yà rẹ̀, mo pa ìwé dé. Ní 1968, ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́ nílẹ̀ yìí! Mo béèrè ní kíláàsì, tí àwa ẹ̀yà bíi mẹ́jọ jókòó sí, pé ta ló wá jẹ̀bi, òrìṣà ni àbí ìbínú ẹ̀yà? Ọ̀gá ní, "Madam, that is not in the handout."

Ìdí mai-shayi, ẹni tó ń ta tíì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì ni kíláàsì lítíréṣọ̀ tiwa ti wáyé. Mo yá Mallam ní ìwé náà, a jiyàn lé e lórí pẹ̀lú búrẹ́dì àti ẹyin títí mai-shayi fi dá sí i. Ní Sátidé kejì, ó mú The Stillborn ti Zaynab Alkali wá fún mi, tí wọ́n tẹ̀ ní 1984, nípa Li, ọmọbìnrin abúlé kan tó ń lálàá ìlú ńlá. Ìyàwó Mallam ló ni ìwé náà. Títí dòní, ìwé méjèèjì yẹn ni mo rántí nínú gbogbo lítíréṣọ̀ tí mo sanwó fún.

Ìyókù: iná kì í sí lọ́sàn-án Sátidé, láíbìrì kì í ṣí ní òpin ọ̀sẹ̀, bẹ́ẹ̀ òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ni àwa ń wá. Tí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ béèrè orúkọ ẹni tó ń kọ́ àròkọ kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì ra àwọn ìwé ìtàn fúnra yín. Tí mo bá ní kí n máa yọ ìdajì máàkì fún àṣìṣe iléèwé náà, 10 yẹn ò ní bá wọn wọ ọdún kejì.

Ìwé ẹ̀rí mi gan-an kò tíì jáde, statement of result ni mò ń gbé kiri. Ìgbà mẹ́rin ni wọ́n ti ní kí n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo kọ lẹ́tà sí wọn lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, ìpínrọ̀ mẹ́ta, mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì kà á síta fún ọkọ mi. Kò sí "contemporary world" kankan nínú rẹ̀.