Ìkìlọ̀ fún àwa òbí ní Òṣogbo: ẹ má ra "sọ́lọ́ọ̀tì" sójà fún ọmọ yín

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ WAEC tàbí NECO tán, tó sì ń sọ pé iṣẹ́ sójà lòun fẹ́ ṣe, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin kan wà ní ìgboro Òṣogbo yìí tó ń ta fọ́ọ̀mù, tó ń ta "sọ́lọ́ọ̀tì" (ìyẹn àyè iṣẹ́ tó ní wọ́n ti fi pamọ́ fún ẹni tó bá sanwó), tó sì ń kó àwọn ọmọ sáré láàárọ̀. Ó gba ₦460,000 lọ́wọ́ mi. Owó àjọ ni, ẹ̀lùbọ́ àti gaàrí tí mò ń tà ní ọjà Ìgbọ̀nà ni mo fi dá a fún ọdún kan gbáko. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀ níbí torí ẹjọ́ náà ti wà níwájú ọlọ́pàá. Ọ̀nà tó ń gbà ṣe é ni màá sọ, kí ẹ lè dá a mọ̀ bó bá dé ọ̀dọ̀ yín, nítorí orúkọ ló máa pààrọ̀, kò ní pààrọ̀ ọgbọ́n rẹ̀.

Ọmọ ogún ọdún ni àbígbẹ̀yìn mi nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Ó ní kírẹ́díìtì mẹ́fà ní WAEC, Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò wà níbẹ̀. NDA tó wà ní Kaduna ló wù ú, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó máa di ọ̀gá sójà. Àmọ́ nígbà tó ń ṣe JAMB, yunifásítì ló fi sípò kìíní, kò fi NDA síbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wọ NDA gbọ́dọ̀ fi í sípò kìíní nínú JAMB, wọ́n sì máa ń kọ ọ́ sínú ìkéde wọn. Èmi ò mọ̀. Oníbàárà mi kan tó ti san tirẹ̀ fún ọkùnrin yìí ló mú mi lọ síbẹ̀, kò sì mọ̀ pé wọ́n ti lu òun náà ní jìbìtì.

Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ni, lẹ́bàá ọ̀nà Òkè-Fìà. Fọ́tò ńlá kan wà lára ògiri níbi tó ti wọ aṣọ sójà, tí òun àti ọ̀gágun kan jọ ń bọ ara wọn lọ́wọ́. Ó ní òun ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n àwọn tí òun kọ́ níṣẹ́ ṣì wà lórí oyè ní Àbújá. Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ JAMB fún un, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Mọ́mì, ìyẹn ò le. A máa tún un ṣe láti inú." Ẹ fi "láti inú" yẹn sọ́kàn o. Gbogbo ohun tí mo bi í lẹ́yìn ìyẹn, òun náà ló fi ń dá mi lóhùn. Ọ̀rẹ́ ọmọ mi kan kúrú, kò tó gíga tí wọ́n ń fẹ́, ọkùnrin náà ní àwọn máa tún ìyẹn náà ṣe láti inú.

Eré sísá ló jẹ́ kí n gbà á gbọ́. Láago márùn-ún ìdájí, ó ti ń fọn fèrè. Àwọn ọmọ bí ogún á tò, àwọn obìnrin mẹ́ta wà láàárín wọn, síńgílẹ́ẹ̀tì funfun lọ́rùn gbogbo wọn, wọ́n á sáré láti Ọláìyá dé Ògo-Olúwa, wọ́n á tún sá a padà, tí wọ́n á máa kọrin. Mo jí lọ wò wọ́n lọ́jọ́ kan. Ọmọ mi wà níwájú, òógùn bò ó, ojú rẹ̀ ń dán. Ọmọ tó jẹ́ pé tí mo bá ní kó gbé àpò ẹ̀lùbọ́ kan á ní ẹ̀yìn ń dun òun, ó ti di ẹni tí ń gbé méjì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn láàárọ̀ ọjọ́ náà, tọkàntọkàn. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé oníjìbìtì tó gbọ́n kì í ta irọ́ nìkan. Eré tòótọ́ ló fi bo fọ́ọ̀mù èké mọ́lẹ̀.

Owó náà kò lọ lẹ́ẹ̀kan. ₦25,000 ló kọ́kọ́ gbà fún "fọ́ọ̀mù". Ó gba ₦45,000 fún aṣọ eré: kánfáàsì funfun, níkà méjì, síńgílẹ́ẹ̀tì méjì. Nígbà tí ojú mi là, mo ná àwọn nǹkan yẹn kan náà nínú ọjà wa, gbogbo rẹ̀ kò tó ₦15,000. Ó gba ₦40,000 fún "àyẹ̀wò ara", bẹ́ẹ̀ dókítà kankan ò fọwọ́ kan ọmọ mi títí dòní. Lẹ́yìn náà ló wá dá ₦350,000 lé mi lórí fún sọ́lọ́ọ̀tì, ó ní ọ̀la ni wọ́n máa ti orúkọ pa. Àkáǹtì tí mo sanwó sí kò jẹ́ ọ̀kan náà rí. Orúkọ obìnrin kan ló jáde nígbà kan, nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀ ó jẹ́ ti oní-POS. Mo bèèrè rìsíìtì, ó ní ọ̀rọ̀ ààbò ìlú ni, wọn kì í kọ irú ẹ̀ sílẹ̀. Mo sì gbà.

Màá sọ òótọ́ ọkàn mi. Mo mọ̀ pé ohun tí mò ń rà kì í ṣe ohun títà. Mo ń sọ fún ara mi pé bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe é nìyẹn, pé ọmọ tálákà ò lè wọlé láìní ẹni tó máa tì í. Irọ́ tí mo ń pa fún ara mi yẹn ni ọkùnrin yìí ń tà fún mi padà.

Nígbà tó di oṣù kẹta, ó pè mí, ó ní ìpín Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti kún. Òótọ́ ni pé wọ́n máa ń pín àyè náà sí ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi wọ̀ mí létí. Ó ní kí n mú ₦80,000 sí i, kí òun fi gba ìwé ọmọ onílẹ̀ fún ọmọ mi láti ìpínlẹ̀ kan ní Òkè Ọya. Ọmọ Òṣogbo ponbele ni wá, ìjọba ìbílẹ̀ Ọlọ́rùndá ló fún ọmọ mi ní ìwé tirẹ̀. Mo ti fẹ́ lọ yá owó náà. Ọmọ yẹn ló kọ̀. Ó kúnlẹ̀ níwájú mi nínú ṣọ́ọ̀bù, ó ní, "Màámi, ṣé irọ́ ni mo máa fi wọ iṣẹ́ tí wọ́n á ti ní kí n búra?" Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, mi ò san án. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí ìlú ọmọ yín padà o. Àyederú ìwé lè tú síta nígbà tí ọmọ ti wà nínú ibùdó ìdánilẹ́kọ̀ọ́, wọ́n á sì lé e, ọmọ yín gan-an lòfin máa mú, torí òun ló buwọ́ lù ú. Ẹni tó tà á fún yín á ti sá lọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, lẹ́tà dé. Ó kọ́kọ́ fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ó wá fún wa ní ti ìwé. Bébà rẹ̀ nípọn, òǹtẹ̀ aláwọ̀ ewé wà nísàlẹ̀. Mo jó. Mo pe àwọn ará ilé. Àbúrò ọkọ mi tó ń gbé ní Ìkìrun, tó ṣe sójà títí tó fi fẹ̀yìn tì, wá bá wa yọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó ka lẹ́tà náà lórí ìdúró, ó tún un kà, ó wá jókòó.

"Ìyàwó wa, ta ló fún ọ ní ìwé yìí?"

Ó fi ìka tọ́ka sí orí lẹ́tà náà. "Nigeria Defense Academy" ni wọ́n kọ síbẹ̀. Orúkọ ilé ẹ̀kọ́ yẹn ni Nigerian Defence Academy: lẹ́tà "n" wà nígbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ kìíní, "c" ló sì wà nínú ìkejì, kì í ṣe "s". Ilé ẹ̀kọ́ tó ti wà láti 1964 kò lè ṣi orúkọ ara rẹ̀ kọ. Lẹ́tà náà ní kí ọmọ mi lọ fara hàn ní Zaria. Kaduna ni NDA wà. Depot, ibùdó tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn kúrúùtù, ìyẹn àwọn sójà tuntun tí kì í ṣe ọ̀gá, ló wà ní Zaria, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ sì nìyẹn. Wọ́n tún kọ ọ́ pé oṣù mẹ́fà ni ẹ̀kọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ọdún márùn-ún ni kádẹ́ẹ̀tì, ìyẹn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀, ń lò ní NDA, mẹ́rin fún ìwé, ọ̀kan fún iṣẹ́ ológun. Àdírẹ́sì Gmail ló sì wà nísàlẹ̀ fún ẹni tó bá ní ìbéèrè.

Ó wá kọjú sí ọmọ náà. "O ti ṣe ìdánwò àbáwọlé wọn?" "Rárá, sà." "O ti dé Kaduna rí, níwájú Armed Forces Selection Board, ìgbìmọ̀ tó ń yan àwọn tó máa wọlé?" "Rárá, sà." "Kò sí ẹni tó ń wọ NDA tí kò ní gba ibi méjèèjì yẹn kọjá." Kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ọmọ mi ká lẹ́tà náà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì, ó wọlé lọ.

Owó dùn mí, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí ọmọ mi ló dùn mí jù. Láàárín ìgbà tí a ń dúró, iléeṣẹ́ ológun ṣí pọ́tàlì ìgbanisíṣẹ́ wọn, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ mi fọwọ́ sí i. Ọkùnrin yìí ló kìlọ̀ fún àwọn ọmọ tirẹ̀ pé kí wọ́n má dán an wò, pé tí orúkọ ẹnì kan bá wọ ibi méjì, wọ́n á yọ ọ́ nínú méjèèjì. Pọ́tàlì tì. Nígbà náà, ọmọ ọdún 18 sí 22 ni wọ́n ń gbà nínú àwọn tí kò ní iṣẹ́ ọwọ́, tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ sì ń dé 26. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta yẹn pé ọdún 23 nígbà tí wọ́n ń sáré kiri. Ìyá rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó sunkún títí. A lè tún owó wá. Ta ló máa dá ọdún kan padà fún ọmọ yẹn?

Bó ṣe yẹ ká ti ṣe é kò le rárá. Fọ́ọ̀mù sójà, ọ̀fẹ́ ni, orí recruitment.army.mil.ng ni wọ́n ti ń kọ ọ́. Ẹ máa wo ìrù àdírẹ́sì: ti àwọn ológun máa ń parí sí .mil.ng, ti NDA sì máa ń parí sí .edu.ng. Bí owó kankan bá wà láti san fún NDA, ojú ewé wọn gan-an lẹ ti máa rí i, kì í ṣe nínú àkáǹtì ẹnì kan. Ẹ fi téèpù wọn ọmọ yín lára ògiri kó tó bẹ̀rẹ̀: 1.68m ni sójà ń fẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin, 1.65m lọ́wọ́ obìnrin, kò sì sí owó tó ń fa ènìyàn gùn. Kó má fín ara o. Kí NIN, ìwé ọjọ́ ìbí àti ìwé ọmọ onílẹ̀ tòótọ́ wà nílẹ̀, kí orúkọ sì bá ara mu lórí gbogbo wọn. Eré náà, kó máa sá a, ọ̀fẹ́ ni títì.

Ẹni tó bá ti sanwó, ẹ má dákẹ́ nítorí ìtìjú. Ẹ lọ sí báńkì yín lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n lè gbìyànjú láti di owó náà mú. Ẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ẹ̀ka EFCC, àjọ tó ń gbógun ti jìbìtì owó, náà wà ní Ìbàdàn. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ kankan rẹ́ lórí WhatsApp, ẹ tọ́jú gbogbo ẹ̀rí tíránsífà. Tí ó bá sì pè yín pé òun fẹ́ dá owó padà, pé kí ẹ kọ́kọ́ san ₦30,000 fún ìwé ìdápadà, ẹ má san án. Bó ṣe sọ fún mi nìyẹn, oníbàárà mi sì san tirẹ̀. Ìgbà kejì rèé tí wọ́n máa lù ú.

Ṣọ́ọ̀bù tó wà lọ́nà Òkè-Fìà ti wà ní títì báyìí. Ẹnì kan sọ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé òun tún rí àwọn ọmọ tuntun nínú síńgílẹ́ẹ̀tì funfun, ní ìdájí, ní apá Òkè-Baálẹ̀, tí ọkùnrin kan ń fọn fèrè lẹ́yìn wọn. Mi ò tíì mọ̀ bóyá òun ni. Lẹ́tà èké yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi, mo ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún ọlọ́pàá. Ẹni tí wọ́n bá fún ọmọ rẹ̀ ní irú ẹ̀, kó gbé e wá sí ìsọ̀ ẹlẹ́lùbọ́ ní ọjà Ìgbọ̀nà, ká gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Mo máa ń wà níbẹ̀ láti aago mẹ́jọ àárọ̀, àyàfi ọjọ́ Àìkú.