Mo ra Golf 3 nígbà tí gbogbo ènìyàn ní kí n ra Corolla: àgbéyẹ̀wò lẹ́yìn ọdún mẹ́ta

Ọmọ ọdún 24 ni mí ní ìparí ọdún 2021 tí mo fi ₦780,000 ra ọkọ̀ àkọ́kọ́ mi, Golf 3 ti Volkswagen. ₦950,000 ni gbogbo owó tí mo kó jọ, ọdún méjì gbáko ni mo sì fi kó o jọ. Kò sí ẹni tí mo fọ̀rọ̀ lọ̀ tí kò dárúkọ Corolla fún mi. Màmá mi ní Corolla ni. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ní Corolla ni. Mẹkáníìkì àdúgbò wa ní Bódìjà, nílùú Ìbàdàn, náà ní Corolla ni. Wọn kò parọ́, Corolla kì í dójú tini. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ wíwà fúnra rẹ̀ ni èmi fẹ́ràn. Láti kékeré, bí àbúrò bàbá mi bá gbé mi jókòó síwájú, ọwọ́ rẹ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀ lórí jíà ni mo máa ń wò, n kì í wo ìta. Ọkọ̀ tí mo ń wá ni èyí tí owó mi ká, tí apá mi á ká àtúnṣe rẹ̀, tí inú mi á sì máa dùn bí mo bá ti jókòó sídìí sitíárìn, ìbáà jẹ́ búrẹ́dì ni mo fẹ́ lọ rà.

Ọkọ̀ mẹ́ta ni mo wà wò kí n tó rí i. Èkíní ni BMW 318 ti ọdún 1995, èyí tí wọ́n ń pè ní E36. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí, ẹ ó sì mọ̀ ọ́n lára bí ẹ bá ń jáde nínú kọ́nà, ṣe ló dà bíi pé ẹnìkan ń fi ọwọ́ jẹ́jẹ́ tì yín láti ẹ̀yìn. Ó wù mí gan-an. Àmọ́ nígbà tí mo lọ béèrè iye ṣọ́ọ̀kì àti apá iwájú rẹ̀ ní ọjà Arárọ̀mí, mo rí i pé owó tó máa ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́ kò ní tó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan péré. Èkejì ni Honda Civic ti ọdún 1998, máńúà. Ara rẹ̀ yá, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fẹ́ kí èèyàn máa tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti wà á gbó. Ẹni tó bá rí irú rẹ̀ tó ṣì le dáadáa, kó má jẹ́ kó bọ́. Ẹ̀kẹta ni Corolla 2003, ọtomátíìkì. AC rẹ̀ tutù, kò pariwo rárá. Mo wà á dé Ọ̀jọ́ọ̀, mo wà á padà, ẹsẹ̀ òsì mi kò rí nǹkan kan ṣe.

Ọ̀rẹ́ mi kan ló wá mú mi lọ wo Golf 3 kan ní Ṣángo. Ọdún 1995, ilẹ̀kùn mẹ́rin, ẹ́ńjìnnì 1.8, agbára ẹṣin 90, jíà márùn-ún. Ọ̀dà orí bónẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti ṣá, AC rẹ̀ ti kú, dígí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kan kò lè sọ̀kalẹ̀ mọ́. Mo wọlé, mo tẹ klọ́ọ̀ṣì, mo ti jíà sí ipò kìíní, ó wọ̀ ọ́ wẹ́rẹ́. Kí a tó dé ìkóríta mo ti mọ̀ pé òun ni.

Kì í ṣe ọkọ̀ tó ń sáré burúkú. Kí ó tó ti orí ìdúró dé 100 kìlómítà ní wákàtí, á tó ìṣẹ́jú-àáyá 12. Volkswagen ṣe GTI tó ní agbára ẹṣin 115 nínú Golf 3 yìí kan náà, ó sì ṣe VR6 tó ní 174, ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyẹn ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa, wọ́n sì ń mu epo bí ẹní mu omi. Èyí tó wọ́pọ̀ yìí, ìwúwo rẹ̀ kò ju tọ́ọ̀nù kan àti díẹ̀ lọ, ibẹ̀ gan-an ni adùn rẹ̀ wà. Ọkọ̀ tó bá fúyẹ́, tí jíà rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín, kò dìgbà tí ẹ bá sáré kí ẹ tó gbádùn rẹ̀. Ní 40 kìlómítà ní wákàtí, ní ọ̀nà inú àdúgbò, iṣẹ́ ti wà fún ọwọ́ àti ẹsẹ̀ yín.

Ohun mìíràn tó jẹ́ kí n mú un ni bí ẹ̀yà ara rẹ̀ ṣe pọ̀ lọ́jà. Ọdún 1991 ni Golf 3 jáde ní Jámánì, ó gba àmì-ẹ̀yẹ Ọkọ̀ Ọdún ti ilẹ̀ Yúróòpù ní 1992, nígbà tó sì dàgbà lọ́hùn-ún, ọ̀dọ̀ wa ló gbà wá. Àìmọye rẹ̀ ló gba Kútọnu wọlé ní tòkunbọ̀ kí ìjọba àpapọ̀ tó fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2017. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀yà rẹ̀ fi kún Ládípọ̀ ní Múṣin, tó sì kún Arárọ̀mí ní Gate fún àwa ará Ìbàdàn. Àwọn mẹkáníìkì wa sì ti mọ Volkswagen tipẹ́. Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to ìjàpá, ìyẹn Volkswagen Beetle, pọ̀ nílé iṣẹ́ Volkswagen lọ́nà Badagry ní Ọjọ́, ní Èkó.

Ojú ọ̀nà tí mo ti mọ irú ọkọ̀ tí mo rà ni Ìwàràjà sí Ẹ̀fọ̀n Aláayè. Ẹni tó bá ti gba Iléṣà lọ sí Adó-Èkìtì rí á mọ ibẹ̀. Bí ẹ bá ti kọjá Èrìn-Ìjẹ̀ṣà, níbi tí omi Olúmirìn ti ń já láti orí àpáta, ọ̀nà á bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè, kọ́nà á máa tẹ̀lé kọ́nà, òkè lápá kan, ọ̀gbun lápá kejì. Àárọ̀ kùtù ọjọ́ Àìkú kan ni mo kọ́kọ́ gbé e lọ, nígbà tí tírélà kò tíì pọ̀. Jíà kẹta, kejì, kẹta, padà sí kejì. N kò kọjá 60, ẹ̀rín ò sì kúrò lẹ́nu mi títí mo fi dé Ẹ̀fọ̀n. Sitíárìn rẹ̀ wúwo díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń sọ̀rọ̀: bí táyà iwájú bá gun iyanrìn tí òjò wọ́ sójú títì, ọwọ́ mi á ti mọ̀ kí ojú mi tó rí i. Bí ó bá wọ kọ́nà, á kọ́kọ́ tẹ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà á fìdí múlẹ̀. Bí mo bá rọra gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí epo láàárín kọ́nà, imú rẹ̀ á yà sínú kọ́nà fúnra rẹ̀. Corolla yẹn kò sọ ọ̀kankan nínú nǹkan wọ̀nyí fún mi.

Bí mo ti ń bọ̀, jíà kejì ló ń dì í mú ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, bóyá ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni mo ń tẹ bíréèkì. Àwọn tó ń fi bíréèkì nìkan sọ̀kalẹ̀ níwájú mi, òórùn bíréèkì tó ń jó ni mò ń gbọ́ lẹ́yìn wọn. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ibi ìdíje o. Ọ̀pọ̀ kọ́nà ibẹ̀ ni èèyàn ò lè rí òdìkejì rẹ̀, tírélà sì lè gba ọ̀nà yín yọ sí yín lójijì. Ọ̀nà yẹn ti gba ẹ̀mí. Ẹ wà á bí ẹni tó fẹ́ padà wá wà á lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Wàyí o, ìṣòro. Ọ̀sẹ̀ kẹta tí mo rà á ni ọwọ́ atọ́ka ooru gbéra nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mókọ́lá, kò sì dúró. Mo pa á, mo tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n júwe bàbá kan fún mi ní Gate, ẹni tó ti ń tún Volkswagen ṣe láti ayé ìjàpá. Bàbá ṣí i, wọ́n wo ojú mi.

“Ọmọ mi, ta ló yọ thermostat ọkọ̀ yìí?”

“Bí mo ṣe rà á nìyẹn, sà.”

Ẹni tó tà á fún mi kò sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti yọ thermostat, wọ́n ti so wáyà fáànù mọ́ kọ́kọ́rọ́ kó lè máa yí láìdúró, omi ẹ̀rọ lásán ni wọ́n sì ń bù sí rédíétọ̀ títí tó fi dípẹtà nínú. Fáànù tó ń yí láìsinmi yẹn ló kú lọ́jọ́ náà. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ ní orílẹ̀-èdè wa ni wọ́n ti ṣe báyìí, torí wọ́n gbà pé thermostat ò wúlò níbi tí oòrùn ti ń mú. Bàbá ló là mí lóye. Thermostat máa ń ti ọ̀nà omi títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná dé nǹkan bí 87 lórí ìwọ̀n Celsius, lẹ́yìn náà ló máa ń ṣí i. Bí kò bá sí, ẹ́ńjìnnì á tutù jù lójú ọ̀nà márosẹ̀, kọ̀ǹpútà rẹ̀ á rò pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni, á máa da epo lé epo. Bí ọkọ̀ bá wá dúró sínú gọ̀ọ́sìlóò, kò ní gbà yín lọ́wọ́ ooru, nítorí fáànù ni iṣẹ́ ibẹ̀. A pa rédíétọ̀ dà, a fi thermostat padà, rẹ́wáyà tún wáyà fáànù ṣe bó ṣe yẹ, a da coolant gidi, omi tí wọ́n ṣe fún rédíétọ̀, sí i. ₦68,000 ló gbà. Láti ìgbà náà, ọwọ́ atọ́ka ooru kì í kúrò ní àárín.

Ìyókù owó mi, táyà ni mo fi rà. Mi ò ra tòkunbọ̀. Mo mọ̀ pé ó dín owó, ṣùgbọ́n ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó wà lára táyà náà: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é, méjì ìkẹyìn ni ọdún. Mo rí èyí tó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tó ń dán lórí àtẹ bíi tuntun. Táyà mẹ́rin, 185/60 R14, àti bọ́ọ̀ṣì iwájú tuntun, wọ́n sọ ọ́ di ọkọ̀ mìíràn. Ẹni tó bá ní owó díẹ̀ tó fẹ́ kí ọkọ̀ òun dùn sí i, ibẹ̀ ni kó kọ́kọ́ ná an sí, kó fi ẹ̀rọ ìpariwo sálẹ́ńsà sílẹ̀.

Epo: lítà kan ń gbé mi rin bíi kìlómítà 12 lójú ọ̀nà gbalasa, bíi mẹ́jọ nínú ìlú. Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, mo dín ìrìn mi kù bíi ti gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n kò sí ìgbà kan tí mo rò láti tà á. Ti ìdáàbòbò ni mi ò lè bò mọ́lẹ̀. Tèmi kò ní báàgì afẹ́fẹ́, kò sì ní ABS, èyí tí kì í jẹ́ kí táyà há bí èèyàn bá tẹ bíréèkì lójijì. Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ọkọ̀ ìgbàlódé á dáàbò bo yín jù ú lọ fíìfíì. N kì í gbéra láìde bẹ́líìtì, n kì í sì í rìnrìn àjò òru pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tó ní ọmọ kékeré tó ń gbé lọ sílé ìwé lójoojúmọ́, kó lọ ra Corolla.

Bí ẹ bá ti rí èyí tó wù yín, ẹ kọ́kọ́ yẹ ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù rẹ̀ wò. Ẹ ṣí ìdérí omi nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, bí omi inú rẹ̀ bá pọ́n bí ilẹ̀ẹ́pa, ẹ ti mọ ohun tó ń dúró dè yín. Lẹ́yìn náà kí ẹ gbé e gun òkè. Nílùú Ìbàdàn, ẹ gbé e lọ sí Mápó. Ẹ fi í sí jíà kẹta, ẹ jẹ́ kó máa rọra lọ, kí ẹ wá tẹ epo mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ohùn ẹ́ńjìnnì bá lọ sókè tí ọkọ̀ kò bá a lọ, klọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ti jẹ tán, ẹ yọ owó klọ́ọ̀ṣì kúrò nínú iye tí wọ́n bá pè é.