Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bá ìwọ̀n àtijọ́ pàdé, ẹ gbìyànjú GNU Units wò

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ka ìwé àtijọ́ tàbí máàpù ilẹ̀ tí wọ́n fi chain àti furlong (àwọn ìwọ̀n gígùn àtijọ́ tàwọn Gẹ̀ẹ́sì) wọ̀n, ètò kọ̀ǹpútà kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀, GNU Units ni wọ́n ń pè é, ó máa ń yí ìwọ̀n kan sí òmíì, ọ̀fẹ́ ni. Kò ní bọ́tìnnì, kò ní àwòrán, inú terminal, ìyẹn ojú ibi tẹ́ ẹ ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, lẹ ti máa lò ó, á bi yín pé kí lẹ ní, á tún bi yín pé kí lẹ fẹ́ kó yí i sí, ìdáhùn ti dé nìyẹn. Lórí kọ̀ǹpútà tó ń lo Debian tàbí Ubuntu (oríṣi Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà), "sudo apt install units" lẹ máa tẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù lára ẹ̀ ni pé kì í po àwọn ìwọ̀n tó ń jẹ́ orúkọ kan náà pọ̀ mọ́ra wọn. Ẹ wo gálọ́ọ̀nù, ti Amẹ́ríkà jẹ́ lítà 3.785, tàwọn Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 4.546, ìyẹn kì í ṣe ìyàtọ̀ kékeré rárá. Tẹ́ ẹ bá kọ gallon lásán, ti Amẹ́ríkà ló máa mú, brgallon lẹ máa kọ fún tàwọn Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ṣọ́ra níbẹ̀ o. Ti áńsì ló tún le jù, torí áńsì tí wọ́n fi ń wọn wúrà jẹ́ gíráàmù 31.1, ó wúwo ju áńsì lásán tó jẹ́ 28.35 lọ, àmọ́ tó bá dórí páùn ó yí padà, páùn wúrà ló fúyẹ́ jù, torí áńsì 12 péré ló wà nínú ẹ̀, 16 ló wà nínú páùn lásán. Ètò yìí ya gbogbo ẹ̀ sọ́tọ̀.

Ẹ tún lè kọ 5 ft + 7 in (ẹsẹ̀ bàtà 5 àti ínǹṣì 7) papọ̀, á ní sẹ̀ǹtímítà 170.18 ni. Tẹ́ ẹ bá ní kó yí páùn sí mítà, kò ní gbà. Tẹ́ ẹ ò bá mọ orúkọ ìwọ̀n tẹ́ ẹ ń wá, ẹ tẹ àmì ìbéèrè níbi ìbéèrè kejì, gbogbo èyí tó bá a mu máa jáde.

Ibi tó ti kù díẹ̀ fún mi ni àwọn ìwọ̀n tó ti pẹ́ gan-an. Ínǹṣì kò ní wàhálà, ọdún 1959 ni Amẹ́ríkà, Bírítéènì àtàwọn orílẹ̀-èdè mẹ́rin míì ti fẹnu kò pé sẹ̀ǹtímítà 2.54 gééré ni, ṣùgbọ́n ìgbọ̀nwọ́ ọba ilẹ̀ Íjíbítì ńkọ́? Àwọn ọ̀pá ìwọ̀n tí wọ́n rí kò gùn dọ́gba, wọ́n wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 52 sí 53, nọ́ḿbà kan ṣoṣo sì ni ètò yìí máa fún yín. Torí ẹ̀, ẹ máa ka fáìlì definitions.units tó bá a wá, àlàyé ìtàn àwọn ìwọ̀n pọ̀ nínú ẹ̀, mo gbádùn ẹ̀ ju ìṣirò gan-an lọ.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un.