Tripod kékeré àbí tripod ńlá: èwo ló yẹ kéèyàn rà fún yíya fọ́tò òkè ní ìdájí?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra tripod, ìyẹn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà lé, torí àtimáa ya fọ́tò òkè nígbà tóòrùn bá ń yọ, méjì yìí náà lẹ máa bá pàdé: kékeré tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìpele márùn-ún tó ń wọnú ara wọn, tó ń ká wọnú báàgì, àti ńlá tó ní ìpele mẹ́ta péré. Kékeré ni mo kọ́kọ́ rà, ńlá ni mò ń lò báyìí.

Tó bá jẹ́ ti gbígbé ni, kékeré ló jàre. Kò ju kílò kan àti díẹ̀ lọ, ńlá lè tó kílò méjì sókè, téèyàn bá sì ń gùnkè nínú òkùnkùn, èjìká á mọ̀ ọ́n lára. Carbon fibre, ohun èlò líle tí kì í ṣe irin, á jẹ́ kí ńlá fúyẹ́ díẹ̀, kì í sì í tutù mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́ bíi ti alumíníọ̀mù.

Àmọ́ afẹ́fẹ́ ńkọ́? Ibẹ̀ gan-an lowó mi wọlẹ̀ sí. Kóòrùn tó yọ, ìmọ́lẹ̀ ò tíì pọ̀, tẹ́ ẹ bá fi ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ tó) sí 100 tẹ́ ẹ sì fún ihò lẹ́ńsì pa dé f/11 kó lè kéré kí òkúta iwájú àti ṣóńṣó òkè tó wà lọ́ọ̀ọ́kán lè jọ mọ́ kedere, kámẹ́rà á wà ní ṣíṣí fún sẹ́kọ́ńdù mélòó kan, ó tiẹ̀ lè tó 30. Afẹ́fẹ́ orí òkè ò sì ní dúró dè yín. Ìpele ìsàlẹ̀ pátápátá lẹ́sẹ̀ tripod kékeré ò fi bẹ́ẹ̀ nípọn ju ìka ọwọ́ lọ, ó ń gbọ̀n, ẹ ò sì ní mọ̀, torí lójú kámẹ́rà fótò yẹn dáa, àfìgbà tẹ́ ẹ bá délé tẹ́ ẹ ṣí i lórí kọ̀ǹpútà lẹ máa rí i pé etí òkè ti di méjì-méjì, oòrùn àárọ̀ ọjọ́ yẹn ò sì ní padà wá yọ fún yín. Tó bá wá jẹ́ lẹ́ńsì 200mm tó ń fa ohun tó jìnnà mọ́ra lẹ gbé sórí ẹ̀, ó burú jùyẹn lọ. Kódà tẹ́ ẹ bá fẹ́ ya mẹ́ta tẹ́ ẹ máa pa pọ̀, ọ̀kan fún ojú ọ̀run, ọ̀kan fún àárín, ọ̀kan fún ilẹ̀ tó ṣì ṣókùnkùn, tí tripod bá ti yẹ̀ díẹ̀ láàárín, wàhálà dé.

Wọ́n á ní kẹ́ ẹ so báàgì kọ́ abẹ́ ẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ o, àmọ́ tí báàgì ò bá fara kanlẹ̀, afẹ́fẹ́ á máa fì í síwá sẹ́yìn, òun náà á tún máa mi tripod.

Ti pé kó tètè dúró: kékeré ní ibi 12 tẹ́ ẹ máa tú tẹ́ ẹ máa dè, ńlá ní 6. Tí ìka bá ti kú fún òtútù, tí òkè sì ti ń pọ́n wẹ̀ẹ̀, ìyàtọ̀ yẹn ò kéré.

Tẹ́ ẹ bá ń ru àgọ́ àti oúnjẹ rìn fún ọjọ́ púpọ̀, ẹ ra kékeré, kò burú, ẹ ṣáà má fa ìpele ìsàlẹ̀ yẹn jáde, ẹ má sì gbé òpó àárín sókè. Tó bá jẹ́ torí fótò lẹ ṣe ń jí lóru, ẹ ra ńlá.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ fa gbogbo ẹsẹ̀ ẹ̀ jáde, ẹ gbé lẹ́ńsì tó wúwo jù tẹ́ ẹ ní lé e, ẹ súùmù ojú kámẹ́rà dópin, kẹ́ ẹ wá fi ìka gbá orí lẹ́ńsì díẹ̀. Ẹ máa wo bó ṣe máa pẹ́ tó kí àwòrán yẹn tó dúró.